Ẹ̀bi 1998 kì í ṣe ti Bora

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá, lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ tí mo ti ń gẹrun, ọ̀rọ̀ Ife Àgbáyé 1998 tún súyọ. Ẹ̀gbọ́n kan tó jókòó ti ògiri ló dá a sílẹ̀: "Òyìnbó yẹn, Bora, òun ló bà á jẹ́ fún wa. Irú tíìmù bẹ́ẹ̀!" Àwọn tó kù ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ ti wà lórí mi nígbà yẹn, mi ò lè yí ọrùn, mi ò sì fẹ́ máa bá ẹ̀gbọ́n jiyàn lójú gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi délé. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o, mi ò gbà. Èrò ọkàn mi nìyí.

Ọmọ Sẹ́bíà ni Bora Milutinović, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó kó Super Eagles lọ sí Ife Àgbáyé 1998 yẹn. Ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Bajina Bašta ni wọ́n bí i sí ní 1944, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ṣì ń jà. Ogun yẹn gba bàbá rẹ̀, ikọ́ ife gba ìyá rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹbí ló ti dàgbà ní Bor, ìlú tí wọ́n ti ń wa kọ́pà. Òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì, Miloš àti Milorad, ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù fún Partizan ní Belgrade. Miloš ni orúkọ rẹ̀ ròkè jù nínú wọn, ó lọ sí Ife Àgbáyé 1954 àti 1958 pẹ̀lú Yugoslavia. Àárín pápá ni Bora ti ń gbá tirẹ̀. Kò pẹ́ tó fi gba òkè òkun lọ: Switzerland, lẹ́yìn náà ilẹ̀ Faransé, níbi tó ti gbá fún Monaco, Nice àti Rouen. Ní 1972 ló dé Mẹ́síkò, ó bọ́ sí Pumas, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì ńlá wọn. Ibẹ̀ ló ti ṣíwọ́ bọ́ọ̀lù gbígbá, ibẹ̀ ló ti fẹ́ ìyàwó, ibẹ̀ náà ló ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá.

Ẹni tó ti ń kó ẹrù láti ìlú dé ìlú láti kékeré, tó ní láti kọ́ èdè àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kí ó tó lè béèrè bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ wọn, mo gbà pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ ti wá. Ó mọ bí àlejò ṣe ń wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ní 1983 ni Mẹ́síkò gbé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wọn lé e lọ́wọ́. Àwọn ni wọ́n máa gbàlejò ní 1986, wọn ò ní máa du àyè, nítorí náà ọdún mẹ́ta gbáko ló fi tún tíìmù náà tò. Wọ́n gbá ìdíje márùn-ún ní Ife Àgbáyé yẹn, ẹnikẹ́ni ò ná wọn láàárín pápá. Pẹnárítì ni Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn fi lé wọn jáde ní Monterrey, ní ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ.

Costa Rica ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tọ́ka sí. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí Ife Àgbáyé 1990 bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n pè é. Kóòṣì tó mú wọn yege ò sí níbẹ̀ mọ́. Bora dé, ó yọ àwọn àgbà kan tí orúkọ wọn ti tó nílé, ó kó àwọn tó kù sí káńpù. Wọn ò lọ sí Ítálì láti wòran. Wọ́n na Scotland 1-0, góòlù Cayasso. Brazil fi ẹyọ kan péré ná wọn. Swídìn kọ́kọ́ gba góòlù sílé wọn, wọ́n dá a padà, Medford sì sáré wọlé nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí eré parí, ó di 2-1. Orílẹ̀-èdè tí kò lọ sí Ife Àgbáyé rí! Ìgbà tí Conejo tó ń ṣọ́ ilé fún wọn fara pa ni Czechoslovakia tó rí wọn mú, 4-1.

Èyí ni mo rò pé àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù wa rí tí wọ́n fi sọ pé oníṣẹ́ ìyanu dé. Wọn ò wo ìdí rẹ̀. Ilé ni gbogbo àwọn ọmọ Costa Rica yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí Bora bá ní kí wọ́n pàdé òun lówùúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, gbogbo wọn á pé. Oṣù mẹ́ta tirẹ̀ níbẹ̀, oṣù mẹ́ta tó kún ni.

Amẹ́ríkà náà ńkọ́? Ó dé ọ̀dọ̀ wọn ní 1991. Wọn ò ní líìgì gidi kankan nígbà yẹn. Àjọ bọ́ọ̀lù wọn ń san owó oṣù fún àwọn agbábọ́ọ̀lù, wọ́n kó wọn jọ sí Mission Viejo ní California, wọ́n ń jí, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n ń sùn. Ní 1993 wọ́n na England 2-0. Ní 1994 wọ́n na Colombia 2-1 lójú èèyàn tó lé ní 90,000. Brazil tó gba ife náà ló lé wọn jáde, góòlù kan ṣoṣo, ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje, ọjọ́ òmìnira wọn.

Wàyí o, ẹ wá wo tiwa. Philippe Troussier ló kó Super Eagles la ìdíje ìyege 1998 já. Wọ́n jẹ́ kó lọ. Mẹ́síkò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ Bora níṣẹ́, lẹ́yìn tó ti mú wọn yege fún Faransé 98. Ìyẹn ni wọ́n fi pè é. Níbo ni àwọn ọmọ wa wà? Kanu àti Taribo West wà ní Inter, Okocha wà ní Fenerbahçe, Finidi wà ní Betis, Oliseh àti Babangida wà ní Ajax, Ikpeba wà ní Monaco, Babayaro wà ní Chelsea. Ta ló fẹ́ yọ̀ǹda wọn fún oṣù mẹ́ta? Ẹni tí gbogbo agbára rẹ̀ wà nínú káńpù, a gbé tíìmù tí kò lè rí káńpù fún un. Adìyẹ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà ni. Nínú eré ìgbáradì, Netherlands lù wá 5-1 ní Amsterdam, Yugoslavia lù wá 3-0 ní Belgrade. A ti rí i pé nǹkan ò tíì jinná.

Síbẹ̀, ẹ rántí ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹfà. Ọjọ́ márùn-ún péré ni Abacha ti kú. Ọjọ́ Sátidé ni, àwọn àgbà ṣì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní ẹnu ọ̀nà, wọn ò mọ̀ bóyá kí àwọn yọ̀ ni tàbí kí àwọn máa ṣọ́ra. Ní bíi aago kan ààbọ̀ ọ̀sán, bọ̀dá kan nínú ọgbà wa gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ sójú wíńdò, ó kọjú rẹ̀ síta, gbogbo wa jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Hierro gbá a wọlé fún Sípéènì. Mutiu Adepoju, ọmọ Ìbàdàn, fi orí dá a padà. A ò tíì jókòó dáadáa lẹ́yìn ìsinmi tí Raúl fi gba èkejì wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni iná lọ.

Bàbá kan tó ń ta kẹrosíìnì níwájú ilé wa ní rédíò kékeré kan. Ó ti kó òkúta bátìrì rẹ̀ sá sóòrùn láti òwúrọ̀ kí wọ́n lè ní agbára díẹ̀. Ó ń ki wọ́n bọ inú rédíò lọ́kọ̀ọ̀kan, àwa ọmọdé yí i ká, ọwọ́ rẹ̀ ń rùn kẹrosíìnì. Ibẹ̀ la ti gbọ́ pé Lawal gbá bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́, ọwọ́ Zubizarreta tó ń ṣọ́ ilé fún Sípéènì ló sì ti í wọlé ara wọn. Ibẹ̀ la ti gbọ́ "Oliseh!" Lẹ́yìn ìyẹn, ariwo nìkan. Bàbá yẹn di rédíò náà mú bí ẹni di ọmọ mú kí ó má ṣubú. Mi ò fojú rí góòlù Oliseh títí di alẹ́, ṣùgbọ́n mo bá wọn fò nígbà tó wọlé. 3-2. Bora ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa lọ́jọ́ yẹn o.

Ikpeba na Bulgaria fún wa, a sì ti gba ipò kìíní lẹ́yìn ìdíje méjì péré. Mi ò ní sọ pé Bora ò ṣe àṣìṣe. Ó pààrọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà tí a pàdé Paraguay, wọ́n nà wá 3-1, ìgbóná ara àwọn ọmọ wa sì lọ sílẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Sunday tí a pàdé Denmark, ìṣẹ́jú méjìlá péré, wọ́n ti gbá méjì wọlé. Ebbe Sand wọ pápá, kò tó ogún ìṣẹ́jú-àáyá, ó gbá ìkẹta. 4-1. Ẹ̀yìn wa ṣí sílẹ̀ gbayawu, iṣẹ́ kóòṣì sì ni láti rí i.

Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tó ń sọ̀rọ̀ Denmark ní ọ̀sẹ̀ yẹn? Brazil ni gbogbo ilé ń dárúkọ. Brazil ló ń dúró de ẹni tó bá borí, a sì ṣì ń rántí bí a ṣe lù wọ́n 4-3 ní Òlíńpíìkì Atlanta. Wọ́n ti ń gbá ìdíje Brazil lẹ́nu nínú ọgbà wa kí Denmark tó wọ pápá.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: ibi tí Bora bá wa dé, ìyẹn ìpele ẹlẹ́ni mẹ́rìndínlógún, ibẹ̀ náà ni Westerhof bá wa dé ní 1994, ibẹ̀ náà ni Keshi bá wa dé ní 2014. Kò sẹ́ni tó tíì kọjá ibẹ̀. Lẹ́yìn wa, ó kó Ṣáínà lọ sí Ife Àgbáyé àkọ́kọ́ tí wọ́n máa lọ láyé wọn, ní 2002. Wọn ò rí góòlù kankan gbá níbẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyẹn sọ ọ́ di ẹni tó kó orílẹ̀-èdè márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ sí Ife Àgbáyé márùn-ún léraléra.

Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tó yẹ ká bínú sí kò bá Bora lọ. Amodu Shaibu ló mú wa yege fún 2002. Nígbà tó ku oṣù díẹ̀ wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi iṣẹ́ náà lé Bàbá Festus Onigbinde lọ́wọ́, a gba àmì kan ṣoṣo. Wọ́n tún pe Amodu padà, ó tún mú wa yege fún 2010. Wọ́n tún yọ ọ́, wọ́n lọ mú Lars Lagerbäck wá láti Swídìn, a tún gba àmì kan ṣoṣo. Bora gba mẹ́fà. Amodu kú ní oṣù Kẹfà 2016. Kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì Super Eagles ní Ife Àgbáyé kankan títí ó fi lọ.