Ẹni Bá Dákẹ́, Tara Rẹ̀ A Bá A Dákẹ́

Ẹni tó gba nǹkan, ó nawọ́. Ẹni tó gba ọ̀rọ̀, ó lahùn pé "mo gbà." Bí gbígbà ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà, acquiesce, tí wọ́n máa ń túmọ̀ sí "gbà", tí kò sì lọ́wọ́, tí kò lóhùn. Èdè Látìn ló ti wá, ó gba ọ̀dọ̀ àwọn Faransé kó tó wọ Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 17. Quies tó wà nídìí rẹ̀, ìsinmi ni. Òun náà ló bí quiet, àti requiem, Máàsì tí àwọn Àgùdà ń ṣe fún òkú. Ẹni tó bá sinmi jẹ́ẹ́ lórí ohun tí ẹlòmíràn ṣe, wọ́n á ní ó ti gbà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pa òwe òkè yìí fún ẹni tí ebi ń pa tí kò sọ. Lójú tèmi, ó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tẹ́ńpìlì Preah Vihear, tó wà lórí òkè láàrin Thailand àti Cambodia. Ní 1904, àdéhùn sọ pé ibi tí omi ti pín sọ́tùn-ún sósì lórí òkè ni ààlà. Ní 1907, àwọn ọ̀gágun Faransé tó ń ṣàkóso Cambodia ya máàpù, wọ́n sì fi tẹ́ńpìlì náà sápá Cambodia. Wọ́n fi máàpù ránṣẹ́ sí Thailand, tó ń jẹ́ Siam nígbà náà. Kò sẹ́ni tó ní "rárá o." Ọmọba Damrong, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, tiẹ̀ dúpẹ́, ó sì ní kí wọ́n fi ẹ̀dà 15 mìíràn kún un fún àwọn gómìnà òun! Ní 1930, ó lọ wo tẹ́ńpìlì náà. Aṣojú Faransé ló wá pàdé rẹ̀ níbẹ̀, àsíá Faransé ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Síbẹ̀, ọmọba ò sọ nǹkan kan. Nígbà tí ilé ẹjọ́ àgbáyé ní Hague dá ẹjọ́ náà ní 1962, adájọ́ 9 nínú 12 ní Cambodia ló ni ín. Ìgbà tó yẹ kí Thailand sọ̀rọ̀, ó dákẹ́.

Mo mọ̀ pé wọ́n tọ́ wa ká máa dákẹ́ fún àgbà, ìwà rere sì ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà yẹn náà ló ní ẹnu ẹni la fi ń kọ "mi ò jẹ." Bí wọ́n bá ń pín ilẹ̀ bàbá yín, tí ẹ̀gbọ́n ka ìwé tán, tó bojú wo yàrá, tó ní "Ṣé kò sí?", ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wolẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀ tó bá gbà bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, mi ò tíì fara mọ́ ọn." Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ẹnikẹ́ni tó gbin pèrègún sí ààlà.