Màmá tí nǹkan oṣù ẹ̀ ti dúró tó tún ń rí ẹ̀jẹ̀: bàọ́písì ló kàn, kì í ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀

Ìtìjú ni kì í jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí síta, ìtìjú yẹn náà ló sì ń pa àwọn ìyá wa. Obìnrin tí nǹkan oṣù ẹ̀ ti dúró, tó ti lé lọ́dún kan tí ò rí i mọ́, tó wá ṣàdédé rí ẹ̀jẹ̀ lójú ara, ì báà jẹ́ ẹ̀kán kan ṣoṣo lára páńtì, ì báà má dùn ún rárá, ọsibítù ló yẹ kó lọ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kí wọ́n mú díẹ̀ nínú awọ inú ilé ọmọ ẹ̀ lọ yẹ̀ wò bóyá jẹjẹrẹ wà níbẹ̀, ìyẹn bàọ́písì. Ìnṣọ́ránsì ìlera ìjọba ló sì yẹ kó sanwó ẹ̀. Ibi tí àwa dúró sí nìyẹn.

Ohun tá a máa ń ṣe kọ́ nìyẹn o. Màmá á kọ́kọ́ dákẹ́ fún oṣù mélòó kan, ó ń fọ aṣọ ẹ̀ ní kọ̀rọ̀, nígbà tó yá á sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ́jà, ìyẹn á ní kó wá àgbo, tàbí kó lọ bá oní-kẹ́míìsì, tí wọ́n bá wá dé hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà wọ́n á ní iju (fáíbírọ́ìdì) ni, wọ́n á fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, ó di ilé. Bẹ́ẹ̀ iju sábà máa ń súnkì ni tí nǹkan oṣù bá ti dúró, torí náà tí ẹni ọgọ́ta ọdún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ tí ẹnì kan sọ pé iju ni láì yẹ inú ilé ọmọ wò, ẹ má gbà.

A ò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Nínú obìnrin mẹ́wàá tó bá ń rí irú ẹ̀jẹ̀ yìí, bí ẹyọ kan péré ni jẹjẹrẹ máa ń bá, ohun mìíràn ló ń ṣe àwọn yòókù. Àmọ́ ẹ yí i sí òdì kejì: nínú mẹ́wàá tó ní jẹjẹrẹ awọ inú ilé ọmọ, bíi mẹ́sàn-án ló jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ ta wọ́n lólobó. Jẹjẹrẹ mélòó ló máa ń kànlẹ̀kùn báyìí kó tó wọlé? Tí wọ́n bá bá a nígbà tí ò tíì jáde kúrò nínú ilé ọmọ, ní Amẹ́ríkà, ó lé ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tó ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún 5. Tó bá ti ràn dé ibi tó jìn nínú ara, bíi méjì nínú mẹ́wàá ló ń kù.

Kí ló dé tá a fi ń pariwo bàọ́písì nígbà tí síkáànù wà? Síkáànù máa ń wọn bí awọ inú ilé ọmọ ṣe nípọn tó, ìlànà tó wọ́pọ̀ ni pé tí ò bá ju mílímítà 4 lọ kí màmá máa lọ sílé. Lọ́dún 2024 Dókítà Kemi Doll ti Yunifásítì Washington àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn obìnrin dúdú ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí i pé ó lé ní ọ̀kan nínú mẹ́wàá àwọn tó ní jẹjẹrẹ yìí tó jẹ́ pé awọ inú ilé ọmọ wọn ò nípọn tó láti fura sí. Iju tó pọ̀ lára wa kì í jẹ́ kí síkáànù ríran dáadáa, oríṣi jẹjẹrẹ tó burú jù náà kì í sábà mú awọ ọ̀hún nípọn. Obìnrin dúdú tó ń kú nípa ẹ̀ níbẹ̀ tó ìlọ́po méjì àwọn funfun. Gwen Ifill, akọ̀ròyìn ńlá orí tẹlifíṣọ̀n wọn, jẹjẹrẹ yìí ló pa á ní 2016, ẹni ọdún 61 ni. Tí síkáànù bá lè tan wọ́n jẹ níbi tí ẹ̀rọ pọ̀ sí, àwa wá ńkọ́?

Ohun mìíràn ni ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ HPV, abẹ́rẹ́ tó ń dènà jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní October 2023 fún àwọn ọmọbìnrin. Ó dáa gan-an, kí ẹ gbé ọmọ yín lọ, ṣùgbọ́n ọrùn ilé ọmọ nìyẹn, kì í ṣe inú ẹ̀. Obìnrin tó ti ṣe àyẹ̀wò ọrùn ilé ọmọ tí wọ́n ní kò sí nǹkan kan, tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀, kó tún padà lọ.

Àwọn tó yẹ kó lajú jù ni àwọn tó sanra gan-an, torí ọ̀rá inú ara máa ń ṣe ẹ́sítírójẹ̀nì, họ́mónù obìnrin, tó ń mú awọ ilé ọmọ hù ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, àwọn tí PCOS (àìsàn tó ń da họ́mónù àti ilé ẹyin obìnrin rú) ń yọ lẹ́nu, àwọn tó ń lo tamoxifen fún jẹjẹrẹ ọyàn, àwọn tí jẹjẹrẹ ìfun tàbí ti ilé ọmọ wà nídìí ìran wọn. Àwọn tí ò bímọ rí náà wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn bú obìnrin. Ti rílásà náà, ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà tó jáde ní 2022, tí wọ́n fi tẹ̀lé obìnrin tó lé ní 33,000, rí i pé àwọn tó ń lo nǹkan tó ń na irun ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lọ́dún ní jẹjẹrẹ yìí ju ìlọ́po méjì àwọn tí ò lò ó. Kò tíì fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé rílásà ló fà á, àmọ́ ẹni tó bá lè dín in kù, kó dín in kù.

Ìtọ́jú ẹ̀, iṣẹ́ abẹ ló ṣáájú, wọ́n á yọ ilé ọmọ àti ilé ẹyin, àwọn kan á tún gba ìtànṣán tàbí kímò, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, lẹ́yìn ẹ̀. A mọ̀ pé àwọn màmá kan ń bẹ̀rù pé táwọn bá tún ayé wá àwọn ò ní ní ilé ọmọ. A ò fi ìgbàgbọ́ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, kí àwọn ọmọ àti dókítà jókòó tì wọ́n, kí wọ́n fi sùúrù bá wọn sọ̀rọ̀, kó má jẹ́ pé ìbẹ̀rù ìgbà tí wọ́n máa tún ayé wá ló máa gba eléyìí tí wọ́n wà nínú ẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Bàọ́písì yìí, rọ́bà tín-ínrín kan ni wọ́n sábà máa ń tì bọ inú ilé ọmọ, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kì í sábà dé tíátà. Òfin NHIA, àjọ ìnṣọ́ránsì ìlera ìjọba àpapọ̀, ti 2022 ti sọ ìnṣọ́ránsì ìlera di dandan. A fẹ́ kí àwọn ètò ìnṣọ́ránsì ìlera ìpínlẹ̀, bí Ìlera Èkó, OYSHIA ti Ọ̀yọ́ àti tàwọn ìpínlẹ̀ yòókù kọ ọ́ kedere sínú ìwé wọn pé màmá tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró ò ní san kọ́bọ̀ fún un, kí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà kọ lẹ́tà tó máa gbé lọ ọsibítù fún màmá lọ́jọ́ náà, kí èsì sì dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yin kọmíṣánnà ìlera, ọjọ́ wo lẹ máa bẹ̀rẹ̀?