Èrò ọkàn mi lórí E. D. Morel, òyìnbó tó káàánú wa

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ti ń pín àwòrán E. D. Morel, akọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì tó tú àṣírí ìwà ìkà ní Kóńgò, kiri, pé kò sí òyìnbó tó fẹ́ràn adúláwọ̀ tó o. Ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Ẹni tí bàbá rẹ̀ àgbà bá wọkọ̀ ojú omi láti Èkó lọ sí Liverpool láyé ọjọ́un á ti gbọ́ orúkọ Elder Dempster, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ibẹ̀ ni Morel ti ṣe akọ̀wé. Paris ni wọ́n bí i sí ní 1873, ó sì gbọ́ Faransé dáadáa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rán an lọ sí èbúté Antwerp ní Bẹ́ljíọ̀mù láti bójú tó ọkọ̀ tó ń ná Kóńgò. Kóńgò ìgbà yẹn, Ọba Leopold Kejì ti Bẹ́ljíọ̀mù nìkan ló ni ín, bí ẹni ní oko.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn rẹ̀ nìyí. Ọkọ̀ á gúnlẹ̀, rọ́bà àti eyín erin á kún inú rẹ̀ bámúbámú. Tó bá ń padà lọ ńkọ́? Ìbọn, ọta àti àwọn ọ̀gá ṣọ́jà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọjà tó yẹ kí wọ́n fi san owó rọ́bà yẹn ò sí, bẹ́ẹ̀ ni owó ò sí. Ìyá ọlọ́jà tí kò kàwé rárá mọ̀ pé ẹni tó bá kó ẹrù ẹlẹ́rù lọ láìsanwó, tó tún mú ìbọn dání, adigunjalè ni. Morel ò fẹsẹ̀ tẹ Kóńgò rí títí tó fi kú. Inú ìwé ẹrù ló ti rí i pé iṣẹ́ ẹrú ni wọ́n ń fi àwọn èèyàn ibẹ̀ ṣe.

Ó sọ fún ọ̀gá, ọ̀gá ò fẹ́ gbọ́. Wọ́n fẹ́ fi owó pa á lẹ́nu mọ́, kò gbà. Ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní 1901, ó dá ìwé ìròyìn tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1903, nígbà tó sì di 1904, òun àti Roger Casement, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ti ṣèwádìí ní Kóńgò, dá ẹgbẹ́ tó ń jà fún Kóńgò sílẹ̀. Wọn ò sinmi ariwo títí ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù fi gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Leopold ní 1908. Ó wá sí Nàìjíríà pàápàá, ó kọ ìwé lórí wa ní 1911.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó ní òun ò sí lẹ́yìn ogun. Ní 1917 wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí ìwé tó fi ránṣẹ́ sí Switzerland. Pentonville ni wọ́n gbé e lọ, ibi tí wọ́n ti yẹgi fún Casement ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Gbogbo irun orí rẹ̀ ti funfun kó tó jáde. Ní 1922, ará Dundee ní Scotland dìbò fún un wọ ilé aṣòfin, Winston Churchill, tó di olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà, ló sì pàdánù ìjókòó rẹ̀ níbẹ̀. Ó kú ní 1924, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta.

Ẹ ó ti rí i pé mo fo 1920. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Lẹ́yìn ogun náà, Faransé kó ṣọ́jà Sẹ̀nẹ̀gà, Mòrókò àti Àlùjíríà lọ sí etí odò Rhine ní Jámánì. Ní 1920, Morel kan náà yìí gbé kálàmù, ó kọ ọ́ sínú Daily Herald, ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù, pé àjàkálẹ̀ dúdú ti dé Yúróòpù, pé ìfẹ́kùfẹ̀ẹ́ adúláwọ̀ le ju ti òyìnbó lọ, kò ṣeé kó níjàánu. Kò kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kó dákẹ́ o, ó tún sọ ọ́ di ìwé pélébé tí wọ́n ń tà káàkiri. Ní 1937, ìjọba Hitler kó àwọn ọmọ tí ṣọ́jà wọ̀nyẹn bí síbẹ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn kí wọ́n má baà bímọ láéláé. Mi ò sọ pé Morel ló rán wọn níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bú àwọn bàbá wọn.

Wọ́n máa ń ní ọjọ́ ogbó ló yí i lórí padà. Irọ́ ni, lójú tèmi. Adúláwọ̀ tí àwọn ṣọ́jà Leopold gé lọ́wọ́ ní Kóńgò, tó ń sunkún nínú fọ́tò, ló mọ̀ ọ́n fẹ́ràn. Ọjọ́ tí adúláwọ̀ wọ bàtà, tó gbé ìbọn, tó ń rìn ní ìgboro òyìnbó, ó di ẹranko lójú rẹ̀. Àánú ló ní fún wa, kò bọ̀wọ̀ fún wa.

Claude McKay, akéwì ọmọ Jàmáíkà tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, kọ èsì sí i lọ́gán. Daily Herald ò gbé e jáde. Ìwé ìròyìn Sylvia Pankhurst, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin, ló tẹ̀ ẹ́ jáde nínú oṣù kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń pín àwòrán Morel, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti McKay sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.