Ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko

Sátidé tó kọjá, ní ṣọ́ọ̀bù bábà kan ní Ìṣọ̀kun, Iléṣà níbí, àríyànjiyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kí n gẹrun tán. Bábà ti gẹ ọ̀tún, ó ku òsì, ni arákùnrin kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì bá ní ohun tó ń yọ Nàìjíríà lẹ́nu lórí ọ̀rọ̀ Boko Haram láti 2009 ò ju ìbọn lọ. "Ẹ ra ìbọn gidi fún ṣọ́jà, oṣù mẹ́ta, ó ti tán." Bábà pa klípà. Ó ní irọ́ ni, oògùn ni, pé àwọn àgbà àtijọ́ kì í lọ sógun lọ́wọ́ òfo. Èmi tí wọ́n gẹ orí mi dé ìdajì, n ò kúkú lè dìde lọ, mo bá dá sí i. Jẹnẹrétọ̀ ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí mo ń sọ dáadáa, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ síbí.

Kò sí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí kò mọ oríkì yìí: Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko. Àwọn aládùúgbò wa a máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ahun ni wá, pé owó ìṣáná lásán ń dùn wá. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ. Lójú tèmi, ìmọ̀ ogun tó pọ̀ wà nínú rẹ̀. Iná tó o máa fi sunṣu lóko, ilé lo ti ń gbé e. Ọmọ ogun tí ilé ò bá gbé iná lé lọ́wọ́, òtútù oko ni yóò kọ́kọ́ ṣe é léṣe, kí ọ̀tá tó fojú kàn án rárá.

Ẹ wo ogun Kírìjì. Ní 1870 ni Ìbàdàn kó Iléṣà. Ká má purọ́ fúnra wa, kò sí ọmọ ogun nílẹ̀ Yorùbá nígbà náà tó tó tiwọn. Ìbàdàn ni Ògèdèǹgbé, olórí ogun tiwa gan-an, ti kọ́ṣẹ́ ogun. Nígbà tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà wá para pọ̀ ní 1878 pé àwọn ò sìn mọ́, àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó ò fọwọ́ lẹ́rán. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti kó lẹ́rú rí, tí wọ́n gba Sàró padà wálé, tí wọ́n di oníṣòwò. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń dáwó, wọ́n fi ń ra ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n ń ti ìdí ki ọta bọ̀, wọ́n sì ń gba ọ̀nà Oǹdó kó o lọ sí bùdó Ìmẹ̀sí-Ilé. Lápá Ìgbájọ, Ìbàdàn ṣì ń ki ẹ̀tù sẹ́nu ṣakabùlà. Ẹni tó bá ti dúró ti ọdẹ tó ń ki ṣakabùlà rí mọ bó ṣe ń pẹ́ tó. Á da ẹ̀tù sí i, á fọ̀pá gún un, á sọ ọta sí i, á tún gún un, á wá gbé e sí èjìká, á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí ẹran wà. Ẹran ìgbẹ́ a máa dúró deni nígbà míì. Ìjẹ̀ṣà tó ní ìbọn tuntun lọ́wọ́ ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ìró ìbọn yẹn, "kìrìjì, kìrìjì," ló di orúkọ ogun náà.

Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá sì ti dí ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn. Ẹ̀tù wọ́n bí ojú. Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, kú sí bùdó ní 1885. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní oṣù kẹsàn-án 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí bùdó tó tú. Kò sẹ́ni tó lé ẹnì kejì wọlé o, àmọ́ ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ò tún padà wá jókòó sílùú wa mọ́.

"Ẹ ò rí i?" ni arákùnrin orí bẹ́ǹṣì. "Ìbọn náà ni!"

Ìbọn ni lóòótọ́. Ta ló rà á? Abẹ́ ère Ògèdèǹgbé la ti ń ya fọ́tò nílùú yìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tajà l'Ékòó, tó yọ ṣílè sílẹ̀ nínú èrè aṣọ rẹ̀, tí kò gbúròó ìbọn Kírìjì títí ó fi kú, kò sí ère tirẹ̀ níbì kankan. Tó bá jẹ́ pé nǹkan bá owó yẹn l'Ékòó ńkọ́? Tí akápò bá fi kọ́lé? Ṣé ojú Ògèdèǹgbé nìkan ni ìbá lé Ìbàdàn padà?

Ẹ fìyẹn wé Afghanistan. Ogún ọdún ni Amẹ́ríkà fi ń kọ́ ọmọ ogun fún wọn níbẹ̀, owó tó wọlé lé e lórí ju 80 bílíọ̀nù dọ́là lọ. Lórí ìwé, ṣọ́jà àti ọlọ́pàá wọn tó 300,000. Wọ́n ní ìbọn, wọ́n ní bàálù. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ 2021, Taliban, àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí wọ́n ń bá jà, rìn wọ Kabul, olú ìlú wọn, bí ẹni ń lọ nájà, ààrẹ wọn sì sá lọ lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ṣọ́jà wọ̀nyẹn ò sí níbì kankan àfi inú ìwé. Ọ̀gá wọn ló ń gba owó oṣù wọn. Àwọn tó jẹ́ ènìyàn ẹlẹ́ran ara, oṣù ń wọ oṣù, wọn ò rówó gbà, oúnjẹ ò débẹ̀, ọta ò débẹ̀. Àwọn àjèjì tó ń tún bàálù ṣe ti palẹ̀ mọ́ lọ sílé. Bàálù tí kò lẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, kí ló fi yàtọ̀ sí páànù?

Ìráàkì ti rí irú rẹ̀ rí. Àwọn ṣọ́jà wọn sá fi ìlú Mosul sílẹ̀ fún àwọn agbésùnmọ̀mí ISIS ní oṣù kẹfà 2014. Kí ọdún yẹn tó parí, olórí ìjọba wọn fẹnu ara rẹ̀ sọ pé wọ́n rí orúkọ 50,000 ṣọ́jà tí wọ́n ń sanwó fún, tí kò sì sí. Nígbà tí mo sọ èyí ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rín ni wọ́n rín. Ó yé gbogbo wa. Ọmọ Nàìjíríà wo la fẹ́ ṣàlàyé owó oṣù òkú fún?

Àwa náà ṣáà nìyí. Ní oṣù kejìlá 2014, ilé ẹjọ́ ológun dájọ́ ikú fún ṣọ́jà 54 tó kọ̀ láti lọ kojú Boko Haram. Wọ́n ní ohun ìjà tó wà lọ́wọ́ àwọn ò tó nǹkan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n yí i padà sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10. N ò ní gbè sẹ́yìn ṣọ́jà tó kọ àṣẹ, ogun ò ṣeé jà báyẹn. Ṣùgbọ́n tó o bá mú ọmọ ẹ lọ sóko tí o ò fún un ládàá, tó wá lọ jókòó sábẹ́ igi, ta ló yẹ ká nà?

Bábà ní òun fi ti oògùn sílẹ̀, kí n sọ ti dróònù, nítorí ó ní ọmọ iṣẹ́ òun fẹ́ rà á. Irú èyí tí àwọn oníkámẹ́rà fi ń ya ìgbéyàwó láti òkè níbí náà ni o. Nígbà tó fi máa di òpin 2024, àwọn agbésùnmọ̀mí ti ń fi dróònù ju bọ́ǹbù lu ṣọ́jà ní Borno. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2025, Ukraine lo dróònù kéékèèké 117 tí wọ́n ti yọ́ kó wọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tí wọ́n kó pa mọ́ sínú ọkọ̀ akẹ́rù níbẹ̀, wọ́n sì fi jó bàálù ajubọ́ǹbù níbi tó jìnnà dé Siberia. Gbogbo ayé ń pariwo dróònù. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ ni wọ́n fi pèsè rẹ̀, ẹnu ẹnikẹ́ni ò sì yọ̀.

Tiwa ńkọ́? Ẹnu wa ti wà nínú fóònù báyìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018, wọ́n rí i pé Strava, áàpù tí àwọn tó ń sáré ìdárayá ń lò, ti gbé máàpù jáde tí bárékè ṣọ́jà Amẹ́ríkà ń tàn yanran lórí rẹ̀ láàárín aṣálẹ̀, torí pé àwọn ṣọ́jà ń gbé fóònù sáré yí i ká. Lọ́jọ́ ọdún tuntun 2023, Ukraine rọ àdó olóró lu ilé tí ṣọ́jà Rọ́ṣíà wọ̀ sí ní Makiivka. Ìjọba Rọ́ṣíà fúnra rẹ̀ ní ènìyàn 89 ló kú, pé fóònù tí wọ́n ní kí wọ́n má lò tí wọ́n ń lò ló tú wọn fó.

Àwọn ará Ifẹ̀ ò ní jẹ́ kí n sinmi tí n ò bá dárúkọ Mọrèmi. Ìtàn ní àwọn Ùgbò a máa fi koríko bora wá kó Ifẹ̀, wọ́n á rò pé ará ọ̀run ni. Mọrèmi jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú, ó di aya ọba wọn, ó rí i pé ènìyàn ni wọ́n, koríko ni wọ́n wọ̀. Ó sá padà wálé. Nígbà tí wọ́n tún dé, ògùṣọ̀ ni Ifẹ̀ fi pàdé wọn. Mo máa ń ro ti àwọn Ùgbò yẹn nígbà míì. Iye wọn ò dín lọ́jọ́ náà, apá wọn ò rọ. Inú yàrá ni ogun ti bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ibẹ̀ ni mo dé tí ọmọ iṣẹ́ bábà gbé orí sókè nídìí fóònù rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, fídíò tí ẹ fi sórí WhatsApp láàárọ̀ ńkọ́?"

Ara mi bù máṣọ. Láàárọ̀ yẹn, mo pàdé ọkọ̀ ṣọ́jà mẹ́ta ní ìkóríta Ìwàrájà, wọ́n ń lọ sọ́nà Àkúrẹ́. Orí mi wú, mo yọ fóònù, mo ka ọkọ̀ náà sókè, "ẹyọ kan, méjì, mẹ́ta," mo dárúkọ ìkóríta, mo tún gbàdúrà fún wọn. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀, ènìyàn 64 ti wò ó. Arákùnrin orí bẹ́ǹṣì ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wò mí. Bábà tan klípà, ó gẹ èyí tó kù.

Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó wà ní Dublin fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi pé ṣé mo ti rí i, kí n ṣọ́ra lọ́nà Àkúrẹ́. Ohùn mi ni.