Òkè kò ní kí omíyalé má dé

Ẹ sọ pé Nelson County ní ìpínlẹ̀ Virginia, ní Amẹ́ríkà, jìnnà sí òkun, pé àárín òkè ló wà, pé omíyalé ọdún 1969 jẹ́ irú èyí tí í wáyé lẹ́ẹ̀kan ní 100 ọdún, torí náà kò séwu títí di 2069. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Etíkun Mississippi ni ìjì Camille ti kọ́kọ́ jà ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún yẹn. Nígbà tó fi máa dé Nelson lóru ọjọ́ 19, atẹ́gùn rẹ̀ ti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n òjò tó kó wá kò rọlẹ̀: ó lé ní ínǹṣì 25 láàárín bíi wákàtí mẹ́jọ. Ojú oorun ló bá ọ̀pọ̀ èèyàn. Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ òkè ya, ó gbé igi, àpáta àti odindi ilé lọ. Ẹ̀mí tó bá a lọ lé ní 100. Òkè tí ẹ fi ń fọkàn balẹ̀ yìí gan-an ló ya lù wọ́n!

Lọ́dọọdún ni omíyalé tí wọ́n ń pè ní ti 100 ọdún ní àǹfààní ìdá 1 nínú 100 láti wáyé, ì báà jẹ́ pé ó wáyé lésìí. Fún ẹni tó bá gbébẹ̀ fún 30 ọdún, ó ń lọ sí ìdá 26 nínú 100. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yẹn tan ẹni tó fẹ́ ra ilé. Inṣọ́ránsì ilé lásán kì í sábà san owó omíyalé. Inṣọ́ránsì omíyalé ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà sì sábà máa ń gba ọjọ́ 30 kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.