Dorothy Day kò fi ìṣèlú sílẹ̀

Wọ́n ní bí Dorothy Day, akọ̀ròyìn ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe ṣèrìbọmi ní ìjọ Kátólíìkì ní 1927 ló ti dágbére fún ìṣèlú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òótọ́ ni pé The Call àti The Masses, tí í ṣe ìwé ìròyìn àwọn sósíálíìsì, ló ń kọ̀wé fún tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n May 1, 1933, Ọjọ́ Òṣìṣẹ́ gan-an (ẹ ò rí i pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni), ni òun àti Peter Maurin, Kátólíìkì bíi tirẹ̀, gbé ìwé ìròyìn Catholic Worker jáde: 2,500 ẹ̀dà, sẹ́ńtì kan péré lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń tà ní Union Square ní New York. Nígbà ogun abẹ́lé Sípéènì, ó kọ̀ láti gbè lẹ́yìn Franco, ọ̀gágun ọlọ̀tẹ̀ tí ọ̀pọ̀ Kátólíìkì ń tì lẹ́yìn. Ìyẹn gan-an ló lé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra ìwé ìròyìn rẹ̀ nínú ìjọ sá. Ní 1973, lẹ́ni ọdún 75, ọlọ́pàá ṣì mú un ní California níbi tó ti dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ oko.