Ẹ Má Tíì Pe Ọmọ Yẹn Ní Ọ̀dájú

Ojú ọmọ náà gbẹ. Ọmọbìnrin ọdún 15 ni, wọ́n ní ó fi ọ̀bẹ gún àǹtí tó ń bá gbé lápá. Nínú kóòtù kan ní Àbújá níbí la ti rí i, tó ń fi èékánná ha ọ̀dà ara igi tó fara tì, tí ọ̀dà ń bọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Wọ́n ka ẹ̀sùn sí i létí, kò wí nǹkan kan. Obìnrin kan lẹ́yìn wa pòṣé: "Ẹ wò ó, kò tiẹ̀ sunkún. Ọ̀dájú ọmọ!" Ọlọ́pàá tó mú un wá náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Gẹ̀ẹ́sì àti Hausa ni wọ́n sì fi ń bi í léèrè, ọmọ Yàgbà tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà tó kúrò lábúlé.

Ohun tí obìnrin yẹn fi ojú lásán wò yìí, iṣẹ́ ńlá ni lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ìwà ẹ̀dá. Psychopathy ni wọ́n ń pè é: kí èèyàn ṣe ìkà kí àánú má ṣe é, kí ẹ̀rí ọkàn má dà á láàmú. Robert Hare, ará Kánádà, ló ṣe ìwọ̀n tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, lára àwọn ọkùnrin ẹlẹ́wọ̀n ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2003 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ti àwọn ọmọ ọdún 12 sí 18 jáde. Ìwà 20 ni wọ́n ń wò, máàkì tó ga jù sì jẹ́ 40. Ẹni tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ náà ló gbọ́dọ̀ ṣe é. Yóò bá ọmọ sọ̀rọ̀ pẹ́, yóò sì wo àkọsílẹ̀ ilé, ti ilé ìwé àti ti ọlọ́pàá mọ́ ọn. Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn tó ṣe ìwọ̀n náà gan-an kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi sọ ọmọdé lórúkọ.

Ti ọmọbìnrin tún wá le jù. Ìbínú rẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ẹ̀ṣẹ́. Ó lè ba ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórúkọ jẹ́, kí ó kó ẹgbẹ́ kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá sì di ìjà, ará ilé ló sábà máa ń bá jà. Àwọn olùwádìí fi ìwọ̀n 2003 yẹn wo àwọn ọmọbìnrin tó wà ní àtìmọ́lé ní Amẹ́ríkà. Máàkì náà kò lè sọ ẹni tí yóò tún dẹ́ṣẹ̀; ìyà tí wọ́n ti fi jẹ àwọn ọmọ náà ló ń tọ́ka sí i.

Ọmọ tí wọ́n ti lù títí ẹkún fi tán lójú rẹ̀, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ọ̀dájú ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá? Èyí tó bọ́ lọ́wọ́ Boko Haram ní Borno, tó ń wo èèyàn bí ẹni ń wo ògiri, ṣé àánú ni kò ní ni, àbí ohun tójú rẹ̀ rí ló pa á lẹ́nu mọ́?

Ní 2014, wọ́n mú ọmọbìnrin ọdún 14 kan ní agbègbè Gaya, ìpínlẹ̀ Kano, pé ó fi májèlé eku sóúnjẹ ọkọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un, ẹni ọdún 35. Ìjọba ní kí wọ́n dájọ́ ikú fún un. Ní 2015 ni ìjọba kan náà jáwọ́ nínú ẹjọ́ náà. Ọmọ ọdún 14 tí wọ́n ti fi fọ́kọ! Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè bóyá ó láàánú, ó yẹ kí wọ́n ti béèrè ẹni tó ṣàánú òun.

A kò ní kí wọ́n fojú fo ọgbẹ́ apá àǹtí yẹn. Àwọn ọmọ kan sì wà tí ọkàn wọn le lóòótọ́; àyẹ̀wò tó péye ló máa jẹ́ ká mọ̀ wọ́n, ká tètè tọ́jú wọn. Ojú lásán tó ń ṣe iṣẹ́ àyẹ̀wò la lòdì sí.

Òfin wà. Abala 219 nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tó de Àbújá, ní kí wọ́n wádìí ilé tí ọmọ ti wá, ipò tó ń gbé, àti bí ọ̀ràn ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹjọ́ tó parí. Kí àwọn tó ń ṣàkóso Àbújá fi owó onímọ̀ ìwà ẹ̀dá àti òṣìṣẹ́ wẹ́fíà sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì fún gbogbo kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọdé. Kí adájọ́ dá ìwádìí tí wọn kò fi èdè ọmọ ṣe padà. Kí wọ́n sì wá ibì kan tí wọ́n máa fi ọmọbìnrin sí, torí ọmọkùnrin ni bọ́sítà, ilé àtúnṣe ọmọ tó dẹ́ṣẹ̀, ti Kaduna, Ilorin àti Abẹ́òkúta ń gbà.

Wọ́n ti sún ẹjọ́ ọmọ Yàgbà yẹn síwájú. Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹnì kan tó gbọ́ èdè rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti jókòó tì í.